Ọjọ́ Tí A Tò Sẹ́yìn Ọkọ Mi

Tí mo bá ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Níbí yìí "ó" ni n ó máa pè é, kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ogunlọ́gọ̀ èèyàn ni mo fẹ́. Òun náà ìbá fara mọ́ ọn. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ká máa gbé òun gẹ̀gẹ̀, yálà nílé tàbí láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Sọ́mìlì kan wà lẹ́yìn ìlú Ọ̀yọ́ nígbà náà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń dúró ti ayùn ńlá, tí wọ́n á ti gẹdú sí i, tí pákó á sì máa jáde lápá kejì. Tó bá wọlé nírọ̀lẹ́, lẹ́búlẹ́bú igi á ti bo irun ojú rẹ̀, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á ní kí n gbé ìwé ìròyìn wá kó tó ní kí n gbé oúnjẹ wá. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni. Òwú ìránṣọ, bọ́tìnì àti síìpù ni mo ń tà ní ọjà Akẹ̀sán, ìwé ìròyìn àlòkù ni mo sì fi ń di wọ́n fún oníbàárà. Àìmọye ìgbà ni mo dé ọjà tí mi ò rí ìwé di nǹkan, nítorí pé ọkọ mi ti kó wọn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, kò tíì kà wọ́n tán.

Kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kà nínú ìwé ìròyìn wọ̀nyẹn ló fi mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ níbòmíràn ń kó ara wọn jọ. Á ka ìròyìn àwọn awakọ̀ tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin fún mi, á wá gbójú sókè wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fìyà jẹ wọ́n. Èmi a máa dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọbẹ̀ yìí ti ń tutù."

Bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ọkùnrin kan wà tó máa ń yí gẹdú sílẹ̀ látorí ọkọ̀ akẹ́rù. Lọ́jọ́ kan gẹdú yí lé e lẹ́sẹ̀. Alájì tó ni sọ́mìlì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì lọ bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, iṣu márùn-ún ló kó dání. Nígbà tí ọkùnrin náà fi igi tilẹ̀ padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Alájì kì í ṣe ìkà èèyàn. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń fẹ́ kí ẹni tó bá ọkọ mi du nǹkan ní ìwo lórí. Ó máa ń kí èèyàn, ó máa ń yọ sàárà, kò sì sí ìsìnkú kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí kò ní yọjú síbẹ̀. Ohun tí kò lè gbà ni kí òṣìṣẹ́ máa fi ẹ̀tọ́ béèrè ohun tí òun lè fi ṣàánú.

Ọkọ mi mú bébà kan, ó kọ ohun méjì sí i. Ẹni tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe, kí ẹni tó ni iṣẹ́ tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n sì fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ dè é títí yóò fi gbádùn. Ó tó bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi kọ ọ́, nítorí pé ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ. Nígbà tó parí, ó kà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń to pákó sí, wọ́n sì fi í ṣe alága ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, pálọ̀ mi ni wọ́n ń wá jókòó sí. Bàtà á kún ẹnu ọ̀nà. Èmi tí mo dàgbà sínú ìjọ aláṣọ funfun ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí a máa ń ṣe ìsìn wákàtí mẹ́rin, èmi gan-an mọ̀ pé ìpàdé wọn gùn jù.

Alájì gbọ́ ohun méjèèjì, ó ní kò burú. Kò fọwọ́ sí bébà náà. Ọdún kan kọjá, kò fọwọ́ sí i. Ayùn gé ọmọkùnrin kan níka láàárín ọdún náà, iṣu ló tún gbé lọ bá a.

Ìjọba ológun ló wà lórí oyè nígbà yẹn. Wọ́n ní kí ìjọba ìbílẹ̀ dìbò yan káńsílọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan níbẹ̀, kí oníkálùkù dá dúró. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá bá ọkọ mi. Wọ́n ní káńsù ló ń fún sọ́mìlì ní láísẹ́ǹsì. Tí ènìyàn wọn bá wà níbẹ̀, ó lè mú kí káńsù sọ pé sọ́mìlì tí kò bá fọwọ́ sí irú bébà yẹn kò ní rí láísẹ́ǹsì gbà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Alájì náà sì ti ní òun fẹ́ ṣe káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù kan náà.

Ó ránṣẹ́ pe ọkọ mi. Ohun tí wọ́n sọ kò pọ̀, ọkọ mi rò ó fún mi bó ṣe dé.

Alájì ní, "Wọ́n ní o fẹ́ bá mi du ipò."

Ó ní, "Alájì, ẹ má bínú. Kì í ṣe ìjà."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìjà. Bó o bá ti lè dúró, má padà wá sí sọ́mìlì mi. Bó o bá wọlé, o ò ní nílò mi. Bó ò bá wọlé, èmi ò ní nílò rẹ."

"Mo gbọ́, sà."

Ó ti kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ dání wálé. Inú bí mi gan-an. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílẹ̀, àkọ́bí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé girama, ọkùnrin tó ń bọ́ wọn sì fi iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá sílẹ̀ nítorí bébà kan. Mo bi í léèrè pé, "Tẹ́ ò bá wọlé ńkọ́?" Ó ní, "A ó rí i." Ọjọ́ méjì ni mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta mo so gèlè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ilé àwọn obìnrin, nítorí pé bó ti rí yìí, kó wọlé nìkan ló kù.

Ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Tó bá dé ilé èèyàn, dípò kó ṣèlérí, á fa ìwé kékeré yọ lápò, á ní, "Kí ni ẹ fẹ́?" Wọ́n á sọ ọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì sọ èyí tí apá káńsù kò ká fún wọn. Ta ló ń dìbò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn àgbà obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọmọ náà kì í parọ́. Èmi ní tèmi ń ṣe èyí tí kò lè ṣe. Mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń ṣàwàdà, mo sì ń lọ kí àwọn abiyamọ.

Èmi ni olórí ìlà àwọn tó ń ta òwú ní Akẹ̀sán. Oyè kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ní ìlànà. Tí àgbà kan bá kọjá níwájú ìsọ̀ wa, olórí ìlà ni yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀, gbogbo àwọn tó kù á sì kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó ń dúró béèrè ẹni tí a ń kí. Tí wọ́n bá ṣàdúrà, gbogbo wa la máa ṣe àmín, a ò sì ní dìde títí olórí yóò fi dìde. Púpọ̀ nínú wọn ń gbé wọ́ọ̀dù wa, gbogbo wọn ni mo sì bá sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà wọ́ọ̀dù ní àwọn kò fẹ́ kí ọmọ àdúgbò kan náà máa bú ara wọn níwájú àlejò lọ́jọ́ ìdìbò ìjọba. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ yan ẹnì kan láàárín ara wa, kí ẹnì kejì sì yẹra fún un. Láàárọ̀ Sátidé, ní pápá ilé ìwé, kí oníkálùkù lọ tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni yóò fọn fèrè. Tí fèrè bá ti dún, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ mọ́, ibi tí wọ́n bá bá ọ ni wọ́n á kà ọ́ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, àwa méjèèjì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ gba àdúrà lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọkọ mi níṣẹ́ ayùn. Nítòsí Takie ni bàbá náà ń gbé, kò jìnnà sí ilé àwọn òbí mi. Inú ọgbà wọn gan-an ni mo ti kọ́kọ́ rí ọkọ mi nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Wọ́n ti darúgbó, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí a sọ ohun tí a bá wá. Wọ́n ní, "Òṣèlú kọ́ ni mo kọ́ ẹ o. Igi ni mo kọ́ ẹ." Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n sì fún wa ní obì.

Ní Sátidé náà, ìlà tiwa ni ó kọ́kọ́ gùn. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ́mìlì ló wà níwájú, àwọn káfíńtà tẹ̀ lé wọn, àwa obìnrin wà lápá ẹ̀yìn, èmi ni mo ṣíwájú wọn. Ìlà Alájì wà ní òdìkejì pápá. Mo ń kà wọ́n lọ́kàn, mo sì ń rí i pé a pọ̀ jù wọ́n lọ. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ Alájì wọlé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n sì fa bàbá arúgbó láti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé àga sí iwájú ìlà Alájì, wọ́n fi bàbá jókòó sí i. Mo mọ̀ lẹ́yìn náà pé ohun tí Alájì sọ fún bàbá ni pé kí wọ́n wá wo bí ìlú ṣe ń yẹ́ ọmọ iṣẹ́ wọn sí. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Bàbá kò mọ ìlà ẹni tí wọ́n jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín sí ariwo tí wọ́n ń gbọ́.

Ọkọ mi rí wọn. Mo rí i tó dúró díẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ jókòó ní pápá, gbogbo ìlú ń wò, kò sí bí kò ṣe ní lọ. Ó sáré la pápá kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ariwo sọ. Bàbá fọwọ́ bà á lẹ́yìn, wọ́n ní, "Ìwọ rèé? Dìde, dìde, padà sáàyè rẹ, iṣẹ́ lo wà lẹ́nu rẹ̀." Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù, ó sáré padà síwájú ìlà tiwa. Kò sí ẹni tó tíì kúrò lórí ìlà nígbà náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí dájú.

Èmi ló kù. Ìyàwó ni mí, ọmọ àdúgbò bàbá sì ni mí. Bí ọkọ bá kí ọ̀gá rẹ̀ tí ìyàwó dúró gbagidi bí òpó, ọ̀rọ̀ ọdún mélòó ni wọ́n á fi sọ? Mo rò pé mo máa kúnlẹ̀, n ó dìde, n ó sì padà. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn." Bàbá dá ohùn mi mọ̀. Inú wọn dùn. Wọ́n di orí mi mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, láti orí àkọ́bí mi títí dé orí àbíkẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ mọ èyí tó ti ń rìn. Wọ́n ṣàdúrà fún ìyá mi. Mo gbọ́ "àmín" lẹ́yìn mi, ohùn tó pọ̀, ohùn tí mo mọ̀. Mo yí ojú díẹ̀. Gbogbo àwọn obìnrin mi ló kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi, bí a ṣe máa ń ṣe ní Akẹ̀sán.

Kí n já orí mi gbà lọ́wọ́ àgbà tó ń ṣàdúrà? Mo rò ó. Mo rò ó gan-an. Mi ò lè ṣe é. Fèrè dún.

Wọ́n kà wá mọ́ Alájì. Àwọn obìnrin kan pariwo pé ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni àwọn wà, àgbà tó fọn fèrè ní ìlànà ni ìlànà. Mọ́kànlá ni Alájì fi jù wá lọ. Àwọn tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi lé ní ogún. Wọ́n bi ọkọ mi bóyá ó gbà. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Tó bá ní òun kò gbà, á sọ pé àdúrà ọ̀gá òun ni wọ́n fi rẹ́ òun jẹ, níwájú bàbá tó ṣì ń rẹ́rìn-ín lórí àga. Ó ní òun gbà. Ó lọ bọ Alájì lọ́wọ́.

Kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ìlú ti mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní olórí òṣìṣẹ́ fi ìlà sílẹ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn èèyàn rẹ̀ bá rò pé ó ti juwọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó wà lókèèrè lè rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin mi náà, nígbà tí ọkọ wọn bi wọ́n, ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Ó rọrùn láti sọ pé ọkùnrin tí wọ́n wá dìbò fún ni àwọn tẹ̀ lé ju pé ìyàwó rẹ̀ ni àwọn ń ṣe àmín lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ń kọjá, àwọn ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu géètì á ní, "Ìdọ̀bálẹ̀, ẹ kú ọjọ́ o." Á rẹ́rìn-ín, á dáhùn.

Alájì di káńsílọ̀. Ọkọ mi lọ ń ṣiṣẹ́ ní sọ́mìlì àwọn ọmọ bàbá ní Ògbómọ̀ṣọ́, Mọ́ńdè ló ń lọ, Tọ́sìdeè ló ń bọ̀. Ó ṣì jẹ́ alága ẹgbẹ́ lórúkọ. Nígbà tó di bí oṣù mẹ́rin, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá. Akọ̀wé wọn ló sọ̀rọ̀. Mo ń gbé ìrẹsì síwájú wọn lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bínú. Àwọn tó kù ní ká wá sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè máa tẹ̀ lé ẹni tó lọ dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó dúró."

Ọkọ mi ní, "Wọ́n ti yan ẹlòmíràn?"

"Wọ́n ti yàn, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó wọ yàrá, ó gbé rẹ́jísítà àti òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ jáde, ó kó wọn fún un. Ó tún fa bébà tí ó kọ ohun méjèèjì sí yọ, ó ní kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ nù. Àwo ìrẹsì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbólóhùn kan ló kù fún mi láti sọ. Mo la ẹnu. Ọkọ mi wò mí, ó ní, "Ìyá wọn, fún wọn lómi." Mo lọ bu omi.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wọn? Ẹ ti padà sáàyè yín. Èmi ni."

Ó ní, "Ìwọ àti bàbá, ìlú kan náà lẹ ti wá. Wọ́n á ní ẹ jọ mọ̀ ọ́n ni, wọ́n á ní Alájì ló rà ọ́. O ò ní lè dúró ní Akẹ̀sán mọ́." Ó tún ní, "Ẹnì kan ti já bọ́ nínú ilé yìí. Ẹnì kan tó."

Mi ò dúpẹ́. Inú ló ń bí mi, ojú sì ń tì mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo kó àwo jọ, mo gbé wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Èmi àti ẹ̀ tún gbé pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, a bímọ kan sí i, a kọ́ ilé, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ náà tún wáyé láàárín wa. Ọjọ́ tí a sin ín, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì wa. Ó ní, "Èyí tó dọ̀bálẹ̀ sọ ipò nù yẹn." Mo kọjá lára wọn, wọ́n kí mi kú àṣẹ̀yìndè, mo dáhùn.

Èmi ni mo kó àwọn obìnrin yẹn lẹ́yìn. Òun ti padà sáàyè rẹ̀ kí fèrè tó dún.